Orí Kẹsàn-án: Àìsàn Inú Ara Lójú Dókítà Eyín

Èròǹgbà orí yìí

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí délẹ̀, ó yẹ kí ó lè:

- gba ìtàn ìlera lẹ́nu aláìsàn kí ó tó mú ẹ̀mú, kí ó sì mọ ipò ASA tí aláìsàn náà wà;
- sọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ṣúgà tí a fi ń pinnu bóyá iṣẹ́ eyín yóò wáyé lónìí;
- ṣàlàyé ohun tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ń ṣe sí egungun àgbọ̀n;
- ya ẹni tó nílò oògùn apakòkòrò ṣáájú yíyọ eyín sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò nílò rẹ̀;
- tọ́jú pàjáwìrì tó bá ṣẹlẹ̀ lórí àga eyín.

9.1 Ibi tí ìbéèrè ti ń wá

Ọ̀nà méjì ni dókítà eyín ní Nàìjíríà lè gbà di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ àgbà, àwọn kan sì ń gba méjèèjì pọ̀. Èkíní ni National Postgraduate Medical College of Nigeria, tí Òfin 67 ti ọdún 1979 dá sílẹ̀, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ìjànikin lójú ọ̀nà Èkó sí Badagry. Èkejì ni West African College of Surgeons, tí àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà jọ ní, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Yaba. Primary ni à ń pe ìdánwò àkọ́wọlé àwọn méjèèjì. Ìmọ̀ nípa ẹ̀yà ara, iṣẹ́ ara àti àìsàn ara ló gba ibẹ̀ kan, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tó mọ eyín bí ẹní mowó ti lè kọsẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè rẹ̀ kò pamọ́. Ní ilé ìwòsàn ńlá bíi ti Ilé-Ifẹ̀ tàbí UCH Ìbàdàn, dókítà eyín lè ránṣẹ́ pe oníṣègùn inú ara láti wọ́ọ̀dù mìíràn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlá-Ọ̀ràngún kì í fi gbogbo ìgbà ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Aláìsàn lè gun ọ̀kadà dé láti Òkè-Ìlà tàbí Ọ̀rà, kí eyín má ti jẹ́ kí ó sùn mọ́jú, kí ó sì fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ kí òun tètè padà sí oko. Ìpinnu mẹ́ta ló wà níwájú dókítà: kí ó ṣe é lónìí, kí ó sún un síwájú, tàbí kí ó gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn tó ju tirẹ̀ lọ, irú èyí tí yunifásítì UNIOSUN ní ní Òṣogbo. Ìpinnu yìí ni ìdánwò ń wá lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kódà nígbà tó bá fi ìbéèrè nípa èròjà inú ẹ̀jẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

9.2 Ìtàn ìlera

Ìtàn ìlera ni ohun tí aláìsàn sọ nípa àìsàn tó ti ṣe é rí, oògùn tó ń lò, oògùn tí ara rẹ̀ kò gbà, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe fún un, àti àìsàn tó wà nínú ìdílé rẹ̀.

"Ṣé ẹ ní àìsàn kankan?" kì í mú èsì gidi wá. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lè dáhùn pé rárá, nítorí pé ara rẹ̀ le, ó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè tó tọ́ka sí nǹkan kan pàtó ló ń ṣiṣẹ́: "Oògùn wo lẹ lò láàárọ̀ yìí, Mà?" "Ṣé wọ́n ti dá yín dúró sí ilé ìwòsàn rí?" "Bí nǹkan bá gé yín lọ́wọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ máa ń tètè dá?" "Ṣé ẹ lè gun òkè dé ilé láì dúró mí?" Àgbo gbọ́dọ̀ ní ìbéèrè tirẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka àgbo kún oògùn nígbà tí dókítà bá ń béèrè.

Lẹ́yìn ìtàn, a ó fi aláìsàn sí ipò ASA, ìyẹn òṣùwọ̀n bí àìsàn rẹ̀ ti le tó. ASA I ni ẹni tí ara rẹ̀ le. ASA II ni ẹni tó ní àìsàn tó wà ní ìkáwọ́, bí ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn ti bá wálẹ̀. ASA III ni ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti ń dí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. ASA IV ni ẹni tí àìsàn rẹ̀ ń fi ẹ̀mí rẹ̀ sínú ewu nígbà gbogbo. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò yẹ lórí àga eyín kékeré.

9.3 Ẹ̀jẹ̀ ríru

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó dé 140/90 mmHg tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí a bá wọ̀n ọ́n ju ìgbà kan lọ. Nọ́ńbà òkè ni agbára ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọkàn ń fún. Ti ìsàlẹ̀ ni ìgbà tí ọkàn ń sinmi.

Ní ibi iṣẹ́ eyín, ohun tí a ń wò ni bí ó ti ga tó. Bí ó bá wà lábẹ́ 160/100, iṣẹ́ lè máa lọ. Láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀ 180/110, a lè ṣe iṣẹ́ kékeré pẹ̀lú ìṣọ́ra, kí a sì kọ ìwé sí oníṣègùn inú ara. Bí ó bá dé 180/110, a kì í yọ eyín tó lè dúró.

Àpẹẹrẹ 1. Ìyá ẹni ọdún 58 kan wá láti Òkè-Ìlà. Eyín ńlá ìsàlẹ̀ lọ́tùn-ún ti jẹrà, ó sì ń dùn ún gan-an. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó jẹ́ 186/112. Amlodipine ló ń lò, ṣùgbọ́n ó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀fọ́rí kò sí, ojú rẹ̀ kò ṣú, àyà kò sì dùn ún.

*Ìdáhùn:* Ẹ jẹ́ kí Mama jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ yẹ aṣọ tí ẹ so mọ́ apá wọn wò bóyá ó bá apá mu, kí ẹ sì tún un wọ̀n. Aṣọ tó kéré jù fún apá tó sanra máa ń mú kí nọ́ńbà ga lásán. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ má yọ eyín náà. Ẹ fún wọn ní paracetamol. Ibuprofen àti àwọn ẹbí rẹ̀ kò dára níhìn-ín nítorí pé wọ́n ń dín agbára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kù. Bí ọyún bá ti kóra jọ, ẹ tú u jáde. Ẹ kọ ìwé fún wọn sí oníṣègùn inú ara lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí wọn yóò padà wá. Ká ní àyà ń dùn wọ́n, tàbí ojú wọn ń ṣú, tàbí ọ̀rọ̀ wọn kò já gaara mọ́, pàjáwìrì ni. A ó gbé wọn lọ láì dúró.

Ìṣirò adrenaline inú abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú eyín kú jẹ́ ààyò àwọn olùdánwò. Lignocaine 2% tí ó ní adrenaline 1:80,000 túmọ̀ sí gíráàmù kan adrenaline nínú mílílítà 80,000. Bí a bá pín in, yóò jẹ́ máíkírógíráàmù 12.5 nínú mílílítà kan. Kátíríìjì tó gba mílílítà 1.8 ní máíkírógíráàmù 22.5, èyí tó gba 2.2 ní 27.5. Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò le, ìwọ̀n tí a kì í kọjá níjókòó kan ni 40. Nítorí náà, kátíríìjì méjì ti 1.8 ti kọjá ààlà, nítorí 45 ni wọ́n jẹ́. Ọ̀kan àti ààbọ̀ kò ní ewu. Ti 2.2, ọ̀kan péré. Kí a tó ti oògùn wọlé, a gbọ́dọ̀ fà á sẹ́yìn wò bóyá abẹ́rẹ́ wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ má tìtorí ìbẹ̀rù adrenaline fi abẹ́rẹ́ tí kò ràn tọ́jú aláìsàn: ìrora fúnra rẹ̀ ń mú kí ara tú adrenaline tirẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru a máa hàn lẹ́nu. Amlodipine àti nifedipine ń mú kí èrìgì wú bo eyín. Àwọn oògùn méjì mìíràn tí ìdánwò máa ń tò mọ́ wọn ni phenytoin, tí à ń lò fún wárápá, àti ciclosporin, tí à ń fún ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún. Lisinopril ń fa ikọ́ gbígbẹ, ó sì lè mú ètè àti ahọ́n wú lójijì. Oògùn tó ń mú ni tọ̀ ń gbẹ itọ́ lẹ́nu.

9.4 Àtọ̀gbẹ

Àtọ̀gbẹ ni àìsàn tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ fi ń ga nítorí pé insulin kò tó, tàbí pé ara kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. A ń mọ̀ ọ́n bí ṣúgà tí a wọ̀n kí ènìyàn tó jẹun láàárọ̀ bá dé 7.0 mmol/L (126 mg/dL), tàbí tí èyí tí a wọ̀n nígbàkígbà bá dé 11.1 mmol/L (200 mg/dL) tí àmì àìsàn náà sì wà, tàbí tí HbA1c bá dé 6.5%. HbA1c ń sọ bí ṣúgà ti rí fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí náà ẹni tó ṣọ́ ẹnu rẹ̀ fún ọjọ́ méjì péré kí ó tó wá kò lè fi tan dókítà. Kí a kíyè sí i pé HbA1c kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé lára ẹni SS, ìyẹn ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ kì í pẹ́ láyé.

Lẹ́nu, a ó rí itọ́ tó gbẹ, èéfun funfun tí olú ń fà, ojú egbò tí kò tètè jinná, àti èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ títí eyín fi ń mì. Ọ̀nà méjì ni àjọṣe àtọ̀gbẹ àti àìsàn èrìgì gbà: ṣúgà tó ga ń ba èrìgì jẹ́, èrìgì tó ti bàjẹ́ náà sì ń mú kí ṣúgà ṣòro láti bá wálẹ̀.

Ewu tó súnmọ́ jù lórí àga ni ṣúgà tó já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 4.0 mmol/L. Aláìsàn tó ń lo insulin tàbí glibenclamide, tí eyín kò jẹ́ kó jẹun, tó sì ti lo oògùn rẹ̀, ni kí a máa ṣọ́. Òógùn tútù, ọwọ́ gbígbọ̀n, ọ̀rọ̀ tí kò lójú ni yóò kọ́kọ́ yọ. Bí ó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, a ó fún un ní gíráàmù 15 glucose tàbí ohun dídùn. Bí kò bá lè gbé e mì, glucagon mílígíráàmù 1 sínú ẹran ara, tàbí omi dextrose sínú iṣan. Metformin nìkan kì í sábà fà á. Òwúrọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ àti oògùn, ni àkókò tó dára jù láti pe irú aláìsàn bẹ́ẹ̀.

9.5 Fòníkú-fọ̀ladìde

Kò sí orí ẹ̀kọ́ tó tún kan ilẹ̀ wa jù èyí lọ. Nǹkan bí ẹnì kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ló ní ẹ̀jẹ̀ AS. Ẹ̀jẹ̀ AC pẹ̀lú kò ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn Yorùbá, nítorí náà a ń rí SS, a sì ń rí SC.

Fòníkú-fọ̀ladìde ni àìsàn àjogúnbá tí valine fi gba ipò glutamic acid ní ipò kẹfà lórí ẹ̀wọ̀n beta ti hemoglobin. James Herrick ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn ní Chicago lọ́dún 1910. Linus Pauling àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi hàn ní 1949 pé inú hemoglobin gan-an ni àléébù wà. Bí ọ́síjìn bá dín kù, hemoglobin S á lẹ̀ mọ́ra wọn, ẹ̀jẹ̀ pupa á tẹ̀ bí dòjé, á sì dí iṣan tóóró. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó yẹ kí ó lo 120 ọjọ́ á lo ọjọ́ 10 sí 20 péré.

Nítorí pé mùdùnmúdùn egungun ń ṣiṣẹ́ àṣekára láti rọ́pò ẹ̀jẹ̀ tó ń kú, egungun àgbọ̀n òkè ń gbòòrò, eyín iwájú á sì yọ síta. Lórí àwòrán X-ray, ìlà egungun láàárín gbòǹgbò eyín á tò bí àtẹ̀gùn, ti agbárí á sì dúró bí irun tó ta. Ẹ̀jẹ̀ tí kò dé inú eyín lè mú kí eyín tí kòkòrò kò jẹ kú fúnra rẹ̀. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ iṣan ìmọ̀lára inú àgbọ̀n bá dí, ètè ìsàlẹ̀ kò ní mọ nǹkan lára mọ́. Egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé tó ti òkè, lè gba kòkòrò kí ó sì máa yọ ọyún.

Àpẹẹrẹ 2. Ọmọbìnrin SS ẹni ọdún 19, akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ìlá, wá láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́. Ó ní àgbọ̀n òun ń ro òun láti àná, pàápàá lápá òsì, ó sì fi ìka kan eyín méjì pé kí wọ́n yọ wọ́n. Ojú eyín méjèèjì mọ́. Wọ́n fi yìnyín kàn wọ́n, ó mọ̀ ọ́n lára, ó sì tètè lọ. X-ray kò fi nǹkan kan hàn ní ìdí gbòǹgbò. Itan àti ẹ̀yìn rẹ̀ náà ń ro ó.

*Ìdáhùn:* Eyín kọ́ ni. Egungun tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ló ń dùn, ẹni tó bá yọ eyín méjèèjì yóò sì rí i pé ìrora náà ṣì wà níbẹ̀ lọ́la. Ẹ bò ó kí ara rẹ̀ móoru, ẹ fún un lómi púpọ̀ àti paracetamol, ẹ wọn ọ́síjìn àti ìgbóná ara rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38°C, tàbí àyà ń dùn ún, tàbí ó ń mí gúlegúle, ilé ìwòsàn ńlá ni, láìjáfara.

Nígbà tí ara ẹni SS bá le, tí eyín rẹ̀ sì bàjẹ́ lóòótọ́, a lè yọ ọ́ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ kú. Kí a tètè pè é wọlé, kí a má jẹ́ kí ó tò lórí ìlà títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Òtútù, òùngbẹ, ìbẹ̀rù àti kòkòrò ló ń ta àìsàn náà jí. Oògùn tó ń múni sùn fún iṣẹ́ abẹ kò yẹ níbi tí kò ti sí ọ́síjìn àti oníṣègùn tó mọ̀ nípa rẹ̀.

9.6 Ọkàn tí kòkòrò wọ̀

Kòkòrò streptococcus ti ẹnu lè gba ojú èrìgì wọ ẹ̀jẹ̀ lọ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọkàn tó ti ní àléébù. Ìyẹn ni infective endocarditis. Ìlànà Amẹ́ríkà ti 2007, tí wọ́n tún yẹ̀ wò ní 2021, dín àwọn tó nílò oògùn ṣáájú iṣẹ́ eyín kù sí ẹni tó ní ilẹ̀kùn ọkàn àtọwọ́dá, ẹni tí àrùn náà ti ṣe rí, àwọn kan tí wọ́n bí pẹ̀lú àléébù ọkàn tó le, àti ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn fún tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì bàjẹ́. Amoxicillin gíráàmù 2 ni àgbàlagbà ń lò, ní ìṣẹ́jú 30 sí 60 ṣáájú. Ọmọdé, mílígíráàmù 50 fún kílò kan. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba penicillin lè lo azithromycin mílígíráàmù 500. Clindamycin ti kúrò nínú ìlànà náà ní 2021, bẹ́ẹ̀ ìwé àtijọ́ ṣì ń kọ ọ́; kí akẹ́kọ̀ọ́ wo ọdún tí ìwé rẹ̀ jáde.

9.7 Ẹ̀jẹ̀ tí kò dá

Hemofíláyà A ni àìtó èròjà VIII, B ni àìtó èròjà IX. Ìyá ló ń gbé e fún ọmọkùnrin. APTT ń gùn, PT kì í yí padà. A kì í gún abẹ́rẹ́ ńlá ìsàlẹ̀ àgbọ̀n fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láì kọ́kọ́ fún un ní èròjà tí kò tó lára rẹ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ lè ya sí ọ̀fun kí ó sì dí èémí.

Ẹni tó ń lo warfarin kò ní láti dá a dúró bí INR rẹ̀ bá wà lábẹ́ 4. A ó rán ojú rẹ̀, a ó sì fi tranexamic acid fọ̀ ọ́. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń gbàgbé ni pé metronidazole àti miconazole tí à ń fi sẹ́nu ń mú kí warfarin lágbára jù.

Metronidazole kan náà kò bá ọtí ṣe, ẹmu sì ni ọtí tó wà nítòsí jù ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Kò tó kí a sọ fún aláìsàn pé "ẹ má mutí", nítorí pé àwọn kan kò ka ẹmu kún ọtí. Dárúkọ ẹmu, dárúkọ ògógóró, dárúkọ àgbo ọlọ́tí.

9.8 Àrùn inú ẹ̀jẹ̀

Bí abẹ́rẹ́ tó ti wọ ara aláìsàn bá gún òṣìṣẹ́ tí kò gba àjẹsára, ewu àrùn mẹ́dọ̀wú B lè tó 30%, ti C jẹ́ nǹkan bí 2 sí 3%, ti HIV jẹ́ 0.3%. HBsAg ń fi hàn pé àrùn wà lára. HBeAg, pé ó ń ràn gan-an. Anti-HBs nìkan láìsí anti-HBc, pé àjẹsára ló ń ṣiṣẹ́. Oògùn ìdènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, a ó sì lò ó fún ọjọ́ 28. Èéfun funfun lẹ́nu ọ̀dọ́ tí kò lo oògùn apakòkòrò, àti funfun onírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n tí fáírọ́ọ̀sì EBV ń fà, ni àmì HIV tí ìdánwò ń béèrè jù.

9.9 Aláboyún àti ọmọdé

Oṣù kẹrin sí ìkẹfà oyún ló rọrùn jù fún iṣẹ́ eyín. Bí oyún bá ti dàgbà, aláboyún kò gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja, kí ilé ọmọ má baà tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá mọ́lẹ̀. Kí ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀ díẹ̀, kí a fi ìrọ̀rí sábẹ́ ìbàdí rẹ̀ ọ̀tún. Tetracycline kò yẹ rárá. Fún ọmọdé tí eyín rẹ̀ ń mì lójijì, tí àgbọ̀n rẹ̀ ń wú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a ro Burkitt tí Denis Burkitt kọ nípa rẹ̀ láti Uganda ní 1958, kí a má sì yọ eyín kankan.

9.10 Pàjáwìrì lórí àga

Dídákú ló wọ́pọ̀ jù: gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, tú ọrùn aṣọ rẹ̀. Anafiláásì ni ìgbà tí ara kọ oògùn, tí ojú wú, tí èémí ń já, tí ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀: adrenaline 1:1000, mílígíráàmù 0.5, sínú ẹran itan. Tún un ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún bí kò bá yí padà. Àyà dídùn: GTN sábẹ́ ahọ́n, bí kò bá lọ, aspirin 300 mg kí ó jẹ ẹ́. Ikọ́ fée: salbutamol. Gìrì: kó ohun líle kúrò nítòsí, má fi nǹkan sí i lẹ́nu, wo aago.

Nọ́ńbà tó yẹ kó wà lórí

180/110 dá eyín dúró. 40 máíkírógíráàmù fún ọkàn tí kò le. 4.0 mmol/L, ṣúgà ti já. INR 4. Amoxicillin 2 g. Adrenaline 0.5 mg.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Èwo ni kì í mú èrìgì wú? (a) nifedipine (b) phenytoin (d) lisinopril (e) ciclosporin.

2. Ṣírò iye adrenaline tó wà nínú kátíríìjì mẹ́ta tó gba mílílítà 1.8, tí ó jẹ́ 1:100,000. Ṣé ó bá ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò le mu?

3. Ṣàlàyé, ní ìpínrọ̀ kan, ìdí tí HbA1c fi lè ṣini lọ́nà lára ẹni SS.

4. Ọkùnrin kan ní ilẹ̀kùn ọkàn àtọwọ́dá, ó ń lo warfarin, INR rẹ̀ jẹ́ 3.1, ara rẹ̀ kò sì gba penicillin. Ó yẹ kí a yọ eyín rẹ̀ kan. Kọ gbogbo ohun tí o máa ṣe, láti orí ìtàn ìlera dé ìgbà tó bá padà sílé.

5. Adẹ́mu ẹni ọdún 45 kan ní Ìlá wá pẹ̀lú àgbọ̀n wíwú. Ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ikùn rẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ láti èrìgì rẹ̀ láì fọwọ́ kàn án. (i) Ẹ̀yà ara wo ni o fura sí? (ii) Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì wo ni o máa kọ́kọ́ kọ? (iii) Nínú ìpinnu mẹ́ta tó wà ní 9.1, èwo ni o máa yàn, kí sì ni o máa kọ sínú ìwé tí o máa fi ránṣẹ́ sí Òṣogbo?